Ògiri Tó Wọ́ Lẹ́yìn Kóòtù

Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó jẹ ẹ́ tán ná. Èmi kọ́ ni mo sọ ìjà ẹ̀tọ́ di ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ o, àwọn ọkùnrin ìgbìmọ̀ ìlú ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Èmi kàn ń ròyìn ohun tó ṣojú mi ni.

Nílùú wa, adájọ́ nìkan kọ́ ló ń dá ẹjọ́. Ará ìlú méjìlá ní í jókòó sórí àga gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á gbọ́ tẹnu ẹni tó pẹjọ́, wọ́n á gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, wọ́n á wá wọ yàrá kan lọ fikùn lukùn, kí wọ́n tó jáde sọ ẹni tó jàre. Àwọn Méjìlá là ń pè wọ́n. Wọ́n máa ń fa orúkọ wọn yọ nínú àpótí ni, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ sì rèé, orúkọ ọkùnrin nìkan ló ń wọ inú àpótí yẹn. Bí obìnrin bá jalè, ọkùnrin méjìlá. Bí wọ́n bá ja obìnrin lólè, ọkùnrin méjìlá náà ni.

Kí wọ́n tó bí mi ni àwọn obìnrin ti ń bá wọn fà á. Àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ ní ọkàn obìnrin ò lè gba ọ̀rọ̀ ìpànìyàn àti ẹ̀jẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí, tí wọ́n ti gba ìdajì ìlú jáde látinú ìyá wọn, ní kí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ wá dúró ti àwọn lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan péré. Kò sẹ́ni tó yọjú. Wọ́n tún ní ta ni yóò máa se oúnjẹ. Wọ́n tún ní obìnrin kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú, bẹ́ẹ̀ àwọn fúnra wọn ń tú àṣírí síta nídìí ọtí lójoojúmọ́. Màámi àtàwọn ẹgbẹ́ wọn rìn kiri ìgboro, wọ́n kọ̀wé, ọlọ́pàá tì wọ́n mọ́lé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Tísà, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú níwèé, nítorí ẹ̀. Nígbà tó pẹ́ tó yá, òfin wọlé: ọkùnrin òun obìnrin, ọgbọọgba ni wọ́n níwájú àpótí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Akọ̀wé Kóòtù jáde síta, ó wú ikọ́, ó ní inú kóòtù dùn sí òfin tuntun yìí gan-an. Àmọ́, ó ní, bí ẹjọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, Àwọn Méjìlá kì í kúrò nínú ilé ẹjọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀, tọkùnrin ni. Kò sí bí obìnrin ṣe lè jókòó, àfi bí wọ́n bá kọ́ tiwọn.

Nígbà tí Màámi gbọ́, wọ́n jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

"Ẹ̀yin èèyàn," wọ́n ní, "a ti ṣẹ́gun ọ̀rọ̀ ọkàn, a ti ṣẹ́gun ọ̀rọ̀ oúnjẹ, a ti ṣẹ́gun ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó wá ku ìdí!"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín nìkan kọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà fún Màámi. Ilé búrẹ́dì ni tiwa. Ìyá wọn ló kọ́kọ́ ni ààrò tí à ń lò. Nígbà tí ọkọ ìyá yẹn kú, àbúrò ọkọ pè wọ́n lẹ́jọ́, ó ní ti ẹ̀gbọ́n òun ni ààrò, òun ló sì yẹ kó jogún ẹ̀. Màámi kéré nígbà náà, wọ́n di ìyá wọn láṣọ mú nínú kóòtù. Wọ́n rí Àwọn Méjìlá bí wọ́n ṣe wọ yàrá. Akọ̀wé ìgbà yẹn da tíì sínú ife, kó tó gbé e dẹ́nu, àwọn ọkùnrin náà ti jáde, ọ̀kan nínú wọn ṣì ń rẹ́rìn-ín àwàdà tí wọ́n jọ dá. Bí ààrò ṣe lọ nìyẹn. Màámi dàgbà kí wọ́n tó rí i rà padà. Wọn kì í bú àwọn ọkùnrin yẹn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ò ju ọ̀kan lọ: "Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ìyá mi pé ta ló ń jí dáná sí i."

Nítorí náà, gbogbo ohun tí Màámi ń fẹ́ láyé ni kí wọ́n jókòó sórí àga yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dópin.

Ìgbìmọ̀ ìlú gbà láti kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin sẹ́yìn kóòtù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi gbólóhùn kan há abẹ́ òfin náà: bí ọdún bá parí tí obìnrin kankan ò tíì bá Àwọn Méjìlá jókòó, ìgbìmọ̀ yóò gbé òfin náà yẹ̀ wò. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gbé yẹ̀ wò. Wọ́n á gbé e, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì jù ú sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n fa orúkọ fún ìjókòó ìkẹyìn ọdún, orúkọ obìnrin mẹ́ta sì bọ́ síta: Ọ̀gá Tísà, Ìyá Agbẹ̀bí àti Màámi.

Ta wá ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà fún? Bàámi ni.

Bíríkìlà ni Bàámi. Kò-Wọ́ ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n, torí wọn ò mọ ògiri kan rí tó wọ́. Bí wọ́n bá to bíríkì dé ibì kan, wọ́n á ta okùn tí wọ́n so irin mọ́ nídìí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á wá bi ẹni tó bá sún mọ́ wọn pé, "Ó tọ́ àbí kò tọ́?" Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: "Ó tọ́ gbọọrọ!" Kódà nínú ilé, bí mo bá to búrẹ́dì sórí pákó, tí ẹyọ kan yà díẹ̀, Bàámi ò ní lè kọjá láìfi ìka tì í padà sáàyè ẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ó máa ń sú mi.

Inú Màámi dùn débi pé wọ́n ń sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà. "Ọkọ mi fúnra ẹ̀ ló máa kọ́ ọ̀nà tí mo máa gbà dé orí àga yẹn. Ta ni orí ẹ̀ tún dáa bí tèmi?" Láràárọ̀, búrẹ́dì tó bá wú jù, tí ẹ̀yìn ẹ̀ pọ́n jù, ti Bàámi ni.

Oṣù kan lọ. Oṣù kejì wọlé.

"Bàbá wọn, ibo lẹ bá iṣẹ́ dé?"

"À ń bá a bọ̀."

"Ṣé ẹ ti dé òrùlé?"

"Ìyá wọn, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Wọ́n á sì bu búrẹ́dì jẹ.

Aṣọ fífọ̀ ló tú àṣírí. Lówùúrọ̀ Sátidé kan, èmi àti Màámi ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Mo ti lé lógún ọdún nígbà yẹn, mo ti ń po ìyẹ̀fun pẹ̀lú wọn, mo sì ti lẹ́nu. Màámi gbé ṣòkòtò iṣẹ́ Bàámi jáde nínú ọpọ́n, wọ́n wo omi tó kù, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó sí i.

"Wá wo omi yìí."

"Kí ló ṣe é, Màámi?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ṣe é gan-an nìyẹn. Omi tí mo fi fọ ṣòkòtò bíríkìlà nìyí, mo sì lè fi po búrẹ́dì." Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wọlé, wọ́n di búrẹ́dì kan sínú aṣọ fún mi. "Gbé e lọ fún bàbá ẹ níbi iṣẹ́. Má sọ nǹkan kan. Wò ó kí o sì padà wá."

Ṣé èmi lè lọ síbì kan kí n má sọ nǹkan kan? Mo dé ẹ̀yìn kóòtù, mo bá Bàámi àti ọ̀rẹ́ wọn Káfíńtà lábẹ́ igi, wọ́n ń ta dírááfù. Káfíńtà ti kan ilẹ̀kùn ilé náà tán láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ti gbé ilẹ̀kùn ọ̀hún ka orí bíríkì, òun ni wọ́n fi ṣe tábìlì. Ilẹ̀kùn ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ìyá mi! Ògiri fúnra ẹ̀ wà níwájú wọn. Ó dé orúnkún mi.

"Bàámi, ògiri dà?"

"Òun nìyẹn." Wọ́n di ojú kan. "Ó tọ́ àbí kò tọ́?"

"Ó tọ́ gbọọrọ," mo ní, "àmọ́ adìyẹ lè fò ó."

Káfíńtà kú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Adájọ́ ti dé o! Ọkọ Adájọ́, ẹ dìde dúró!"

Bàámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fà mí sẹ́yìn igi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní Akọ̀wé Kóòtù ló ní kí àwọn má kánjú, pé iṣẹ́ ìlú kì í sá lọ. Nítorí náà, àwọn á to bíríkì bíi mélòó kan láàárọ̀, àwọn á tú u lọ́sàn-án, àwọn á ní kò tọ́ tó.

"Ẹ sì gbà fún un?"

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè mí ni? Gbogbo ìgboro ni. Wọ́n ní bí ìyá ẹ bá ti lè jókòó sórí àga yẹn, bó bá ti ń wọlé báyìí, màá dìde, màá ṣí fìlà, kí n tó lè béèrè oúnjẹ alẹ́."

"Bàámi, ọdún ń parí lọ."

Wọ́n mọ̀. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n mọ̀. Wọ́n gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, wọn ò sì bù ú jẹ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé bàbá mi ò tíì bàjẹ́ tán.

Mo délé, mo rò ó fún Màámi láìfi ẹyọ kan pa mọ́. Ìyẹ̀fun wà níwájú wọn. Wọ́n gbé e, wọ́n là á mọ́ pákó, wọ́n tún gbé e. Ó dùn wọ́n gan-an. Ó dùn mí náà, ẹ̀mí ìjà sì gùn mí.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn níbẹ̀ nísinsìnyí," mo ní. "Ẹ jẹ́ n fọ́ pákó dírááfù yẹn."

"Rárá." Màámi là á mọ́ pákó lẹ́ẹ̀kan sí i. "Bí mo bá bá bàbá ẹ jà, á di ìjà tọkọtìyàwó. Wọ́n á pe àwọn ẹbí jọ, wọ́n á ní kí n ṣe sùúrù, kí n fojú fò ó, ọdún á sì parí. Akọ̀wé ń retí ìjà yẹn. Mi ò ní bá wọn jà á."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀. Lọ pe Ìyá Agbẹ̀bí àti Ọ̀gá Tísà wá fún mi."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sídìí ààrò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọ̀gá Tísà gbẹ gan-an, kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó. Ó ní ká rántí ohun tí Akọ̀wé sọ: kò ní obìnrin ò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó mọ́, ohun tó ní ni pé kò sí ohun tí obìnrin máa lò níbẹ̀.

"Ohun tí obìnrin máa lò?" Ìyá Agbẹ̀bí gbórí sókè. Sísanra ni tiwọn, bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, ikùn wọn ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ikùn ọ̀hún ti ń mì. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni mo ń gbé fún obìnrin tó ń rọbí tí kò lè dìde? Kí ló kún orí àjà mi láti ọjọ́ yìí wá? Póò ni!"

Ẹnu wa ṣí sílẹ̀.

"Funfun báláú," ni Ìyá Agbẹ̀bí ń bá a lọ, "etí ẹ̀ jẹ́ búlúù, òdòdó wà lára ẹ̀. Wọ́n ní ẹ mú ohun èlò wá. Ẹ jẹ́ ká gbé ohun èlò lọ bá wọn."

Màámi wo Ọ̀gá Tísà. Mo rò pé Ọ̀gá Tísà máa kọ̀, nítorí èèyàn tó ń fi aṣọ nu àga kó tó jókòó ni. Ó ronú díẹ̀.

"Ó gbọ́dọ̀ ní ọmọrí," ló sọ.

Gbogbo ìyókù ọ̀sẹ̀ náà, Màámi ò bá Bàámi fa ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n ń gbé búrẹ́dì tó pọ́n fún wọn, wọ́n ń kí wọn kú iṣẹ́. Ara fu Bàámi. Ọkọ tí ìyàwó ń kí kú iṣẹ́ tí kò ṣe, irú ọkọ bẹ́ẹ̀ kì í gbádùn búrẹ́dì.

Ọjọ́ ìjókòó pé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ aṣọ tó dáa jù tí wọ́n ní. Ọ̀gá Tísà wọ bàtà awọ tó ti ń fi pa mọ́ láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Olúkúlùkù gbé póò lérí, pẹ̀lú ọmọrí, wọ́n sì gba àárín òpópónà lọ, wọn ò yára, wọn ò wo ẹ̀gbẹ́. Èmi ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì. Àwọn aránṣọ jáde sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Onígbàjámọ̀ fi ẹni tó ń fá lórí sílẹ̀, ìdajì orí ṣì wà nínú ọṣẹ. Ẹnì kan kígbe, "Ẹ̀yin ìyá, ibo lẹ ń gbé ìyẹn lọ?"

"Kóòtù ni!" Ìyá Agbẹ̀bí dáhùn. "À ń gbé ẹ̀tọ́ wa lọ síbi tó máa wúlò!"

Nígbà tí a fi dé kóòtù, ìdajì ìgboro ti wà lẹ́yìn wa. A wọlé. Akọ̀wé dìde lórí àga ẹ̀ bí ẹni tí èèrà bù jẹ. Adájọ́, ọkùnrin àgbà kan tó máa ń wo èèyàn látorí awò ojú ẹ̀, gbé bírò sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ gbé lérí yẹn?"

"Ìdáhùn ni, Olúwa mi," Màámi ní. "Wọ́n ní a ò lè jókòó nítorí kò sí ohun tí a máa lò. A ò fẹ́ da kóòtù láàmú. A ti gbé tiwa wá."

Ilé ẹjọ́ ń hó yèè. Akọ̀wé ń kígbe pé ẹ̀gbin rèé, póò kọ́ ni òfin sọ. Ọ̀gá Tísà yí sí i.

"Òfin ò dárúkọ póò," ó ní, "òfin ò sì dárúkọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Òfin ní ọkùnrin òun obìnrin. Ẹ̀yin lẹ mú ìgbọ̀nsẹ̀ wọ ọ̀rọ̀."

Adájọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ibo lẹ fẹ́ gbé e sí?"

"Abẹ́ tábìlì yín ò burú, Olúwa mi," Ìyá Agbẹ̀bí ní. "Ó láyè, aṣọ sì bò ó dáadáa."

Mo ń wo Adájọ́, mo sì rí i pé ẹ̀rín ń pa á, ó sì ń bá ẹ̀rín náà jà. Nígbà tó ṣẹ́gun ẹ̀, ó kọjú sí Akọ̀wé. Ó ní ilé tí òun fọwọ́ sí pé kí wọ́n kọ́ ńkọ́? Akọ̀wé ní ó ku díẹ̀. Adájọ́ ní ó dáa, káwọn jọ lọ wo díẹ̀ ọ̀hún.

Gbogbo kóòtù dìde, ó di ẹ̀yìnkùlé. Bí Káfíńtà ṣe rí aṣọ dúdú Adájọ́, ó jókòó lé pákó dírááfù lórí, ó ń wo sánmà. Bàámi wà nídìí ògiri, bíríkì kan lọ́wọ́. Adájọ́ rìn dé ibẹ̀, ó wo ògiri, ó wo orúnkún ara ẹ̀, ó sì rí i pé ìkan náà ni wọ́n.

"Bíríkìlà, kí lò ń kọ́?"

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, Olúwa mi."

"Fún àwọn wo? Fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàámi ya ẹnu. "Olúwa mi, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú..."

Ibẹ̀ ni ojú wọn ti bá ti Màámi. Màámi ò tíì sọ póò kalẹ̀. Wọ́n dúró sáàárín èrò pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ níjọ́ ayọ̀, póò olódòdó lérí wọn, wọ́n ń wo ọkọ wọn. Wọn ò ṣẹ́jú, wọn ò sì bínú. Wọ́n kàn ń dúró de ohun tó máa sọ ni. Bí Bàámi bá ní sìmẹ́ńtì ni kò dé, ọ̀rọ̀ tán, Akọ̀wé yóò bọ́, a óò padà sílé, ọdún yóò parí.

Bàámi sọ bíríkì kalẹ̀.

"Akọ̀wé ló ní kí n má kánjú, Olúwa mi," wọ́n ní. "Àmọ́ ọwọ́ Akọ̀wé kọ́ ló ń to bíríkì, ọwọ́ mi ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn èèyàn á fi mí ṣẹ̀sín." Wọ́n ṣí fìlà wọn. "Ìyá wọn, mo ṣẹ̀ ẹ́."

"A máa sọ ìyẹn délé," Màámi ní. "Ẹ kọ́ ilé ná."

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á lé e bá. Tiwa ò tiẹ̀ rìn jìnnà. Adájọ́ padà sórí àga ẹ̀, àwọn ìyá gbé póò wọn ka orí tábìlì, ó sì pàṣẹ tí àwọn ará ìlú ṣì ń sọ títí dòní. Ó ní ẹjọ́ máa bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó. Ó ní títí bíríkìlà á fi parí iṣẹ́ ẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú kóòtù di tàwọn obìnrin. Àwọn ọkùnrin ńkọ́? Kóòtù ò kúkú lè sọ pé kò sí ohun èlò. Ohun èlò mẹ́ta rèé lórí tábìlì, funfun báláú, pẹ̀lú ọmọrí.

"Èmi náà wà lára àwọn tó máa lò ó," Adájọ́ ní. "Ọgbọọgba ni òfin wí."

Háà! Ẹ wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń yá! Àwọn lọ́yà ká ọwọ́ aṣọ sókè, wọ́n ń ru bíríkì. Ọlọ́pàá kóòtù ń fa omi. Akọ̀wé fúnra ẹ̀, tí ojú ń tì débi pé kò lè wo póò náà, ń po sìmẹ́ńtì bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Bàámi ní kí àwọn ta okùn wò, Akọ̀wé gbá okùn náà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ gbé e lé e, ẹ jọ̀ọ́! Láti àárọ̀ ni mo ti ń mú un mọ́ra!"

Bàámi gbé e lé e. Wọn ò ta okùn, wọn ò di ojú, wọn ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó tọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ilẹ̀kùn ti kúrò nípò tábìlì, Káfíńtà ti gbé e kọ́.

Nínú kóòtù, obìnrin alágbàfọ̀ kan ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó jí aṣọ ìbora oníbàárà ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí lẹ́nu gbogbo wọn, Àwọn Méjìlá wọ yàrá, èmi sì jókòó sẹ́yìn, mò ń wo Akọ̀wé. Ó da tíì. Ó mu ún tán. Ó da òmíràn, ìyẹn tutù níwájú ẹ̀. Ó fọwọ́ lérán. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé kan, ó bọ́ sójú èkejì. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú Màámi ti wọnú, ọ̀fun wọn ti gbẹ, wọ́n sì ní obìnrin náà jàre. Mo bi wọ́n lójú ọ̀nà pé kí ló pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin náà fẹ́ ká tètè máa lọ," wọ́n ní. "Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi, ta ló ń jí fọ aṣọ ilé wọn, àti pé báwo ni aṣọ ẹni ṣe ń dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn nínú omi. Wọn ò mọ̀. A jókòó títí ó fi yé wọn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọn ò kàn fọ aṣọ rí ni." Wọ́n wá sunkún díẹ̀, nítorí ìyá wọn. Èmi náà sun ún pẹ̀lú wọn, a sì lọ sílé lọ dáná sí ààrò.

Ní ti Bàámi, bí Màámi ṣe ń wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n dìde dúró, wọ́n ṣí fìlà. Màámi ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n yéé fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní yẹ̀yẹ́ kọ́.

Ọjọ́ ti lọ. Ìgbìmọ̀ ò gbé òfin yẹ̀ wò mọ́. Lọ́dún yìí, wọ́n fa orúkọ èmi náà yọ nínú àpótí, àwọn òbí mi méjèèjì sì ní àwọn á sìn mí dé kóòtù. Bàámi ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Wọn ò jẹ́ ká gba ẹnu ọ̀nà iwájú. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n mú mi lọ, bí wọ́n ṣe máa ń mú gbogbo àlejò tó bá dé ilé wa. Wọ́n na ọ̀pá sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, wọ́n di ojú kan.

"Ó tọ́ àbí kò tọ́?"

Láti ilẹ̀ dé orúnkún, ó tọ́ gbọọrọ. Láti orúnkún lọ sókè, ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó tún rò ó, ó tẹ̀ sósì.

"Kò tọ́ rárá, Bàámi."

Inú wọn dùn. Ìgbìmọ̀ ti ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n tún un mọ, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bàámi ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án máa rí àwọn. "Ìsàlẹ̀ tó tọ́ yẹn," wọ́n ní, "irọ́ ni mo fi mọ ọ́. Òkè tó wọ́ yẹn nìkan ni mo kọ́ fún ìyá ẹ."

Akọ̀wé tuntun, obìnrin ni, yọjú sójú fèrèsé, ó ní Àwọn Méjìlá ti ń wọlé. Mo sáré. Màámi fà mí láṣọ padà, wọ́n tún kọ́là mi ṣe, wọ́n fi búrẹ́dì kan há mi lọ́wọ́.

"Kí lò ń sá sí?" wọ́n ní. "Má kánjú."